Iṣẹ́ Afinimọ̀nà: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ẹsẹ̀ Àlejò Dúró Sí

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti ń fa àríyànjiyàn láàrin wa láti ìgbà díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú àwọn ọmọ òrìṣà fẹ́ fi iṣẹ́ afinimọ̀nà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn kan ti ń mú àlejò rìn káàkiri àárín ìlú Dublin. Àwọn mìíràn ń gbèrò láti máa kó àwọn òyìnbó, àti àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀, lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Àwọn àgbà kan gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní títa òrìṣà ni. Àwọn ọ̀dọ́ náà fèsì pé owó ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èrò tiwa rèé. Iṣẹ́ náà dára, ó lọ́lá, ó sì yẹ ọmọ òrìṣà ju bí ó ti yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ibùjókòó afinimọ̀nà. Ohun tí ó ń tà ni ìmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀. Ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ ní igbódù kì í ṣe ọjà rẹ̀. Bí a bá lè fa ìlà yìí sílẹ̀ kí ìgbà àlejò tó dé, ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa

Àwọn baba wa ní, àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti ríran ni afinimọ̀nà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ẹmẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ Ọọ̀ni. Wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ààfin, wọ́n ń gba àlejò, wọ́n sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò gbọ́dọ̀ mọ. Ní Ọ̀yọ́, ẹnu àwọn arọ́kìn ni ìtàn ọba wà. Nígbà tí Samuel Johnson ń kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kìn ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Àwọn wọ̀nyí jẹun nídìí ìmọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní oníṣòwò òrìṣà. Àní Èṣù, onílé oríta, tí a kọ́kọ́ ń kí kí a tó kí òrìṣà yòókù, ojúde ni a gbé ń bọ ọ́. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kò ṣe ohun ìtìjú.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi ń bẹ àwọn àgbà kí wọ́n tú ojú ká. Bí onílé bá dákẹ́, àlejò ni yóò máa ròyìn ilé. Láti ìgbà tí Bíbélì èdè Yorùbá ti fi orúkọ Èṣù pe ẹni ibi nínú ìgbàgbọ́ àwọn onígbàgbọ́, ọmọ wa mélòó ni kò mọ Èṣù mọ́ bí kò ṣe bí ọ̀tá? A ti tẹ̀ lé afinimọ̀nà kan rí ní ojúbọ kan nílé, a kò ní dárúkọ ibẹ̀, tí ó nawọ́ sí yangí lẹ́nu ọ̀nà tí ó sì sọ fún àwọn àlejò pé Sátánì nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọjá lọ. Ọmọ òrìṣà kan tí ó gbọ́ èdè dáadáa, tí ó kàwé, tí ó sì mọ ohun tí yangí jẹ́, ìbá ti yí ọ̀rọ̀ náà padà láàrin ìṣẹ́jú méjì. Kò ní nílò láti tú àṣírí kankan. Òtítọ́ ojúde nìkan ti tó.

Àwọn ará wa ní ìdálẹ̀ sì ti ṣe é rí. Ní Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi tẹ̀ dó ní South Carolina ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1970, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń mú àlejò yí ká, tí wọ́n ń sọ ìtàn ojúbọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gba owó ìwọlé. Òrìṣà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti rí gan-an

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó kàn yín báyìí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ní Ireland níbí, Fáilte Ireland, àjọ tí ó ń mójú tó ìrìn-àjò afẹ́, ní àwọn afinimọ̀nà tí ó fọwọ́ sí, tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì yege kí wọ́n tó gba báàjì. Àwọn kan gba ti gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn kan gba ti agbègbè kan. Òfin kò sọ pé ẹni tí kò ní báàjì kò gbọ́dọ̀ mú àlejò rìn, kò rí bí Ítálì tí ó ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ afinimọ̀nà. Síbẹ̀ a gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ náà. Àwa kì í gba ẹni tí kò kọ́ Ifá láyè láti dá Ifá fún wa. Kí ni ó dé tí a ó fi fẹ́ mú àlejò wọ ìlú onílùú láì kọ́ ìtàn rẹ̀?

Ẹ wo ìwé ìgbélùú yín pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà níbí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, lórí Stamp 2, lè ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn fún ìwọ̀nba wákàtí, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà sì ni ó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè wọ́n lọ́jọ́ tí àlejò bá wà. Ọjọ́ tí a kò bá pè ọ́, kò sí owó. Àlejò máa ń pọ̀ láti ìgbà Àjíǹde títí di oṣù kẹwàá. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn Dublin ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀nà a dá páropáro. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà pa iṣẹ́ náà dé pátápátá, ó sì pẹ́ kí ó tó jí padà. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe é gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ fún ìgbà òtútù.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà ní adùn tí ọmọ òrìṣà yóò tètè mọ̀. Afinimọ̀nà rere a máa ka orí àlejò rẹ̀ ní gbogbo ìdúró. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù lọ ni ó fi ń rìn. Ó mọ ìgbà tí òjò yóò dé, ó mọ ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí, ó mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ó ń rántí ọ̀rọ̀ gígùn láì wo ìwé, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ta ni a ti kọ́ ní nǹkan wọ̀nyí bí kò ṣe ẹni tí ó ti jókòó ti àgbà, tí ó ti kọ́ oríkì sórí, tí ó ti gbé omi fún àlejò ọdún òrìṣà láti àárọ̀ di alẹ́?

Ohun tí Brú na Bóinne lè kọ́ wa

Ẹni tí ó bá rò pé fífi ààlà sí ibi mímọ́ yóò lé àlejò lọ, kí ó bá wa lọ sí Brú na Bóinne. Kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ láti Corduff. Ibẹ̀ ni Newgrange wà, ibojì òkúta ńlá tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ kọ́ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Jésù; ó ti wà kí wọ́n tó kọ́ àwọn pírámídì Giza ní Íjíbítì. UNESCO kọ Brú na Bóinne sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 1993. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọ Newgrange. Bọ́ọ̀sì ni ó ń kó àlejò láti ilé ìgbàlejò lọ síbẹ̀, afinimọ̀nà ni ó sì ń mú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan, tí ó gùn tó mítà 19, wọ inú rẹ̀. A kì í ya fọ́tò níbẹ̀. Kò sí àlejò tí ó máa ń bínú sí èyí.

Ní àárọ̀ ìgbà tí ọ̀sán kúrú jù lọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a gba ojú ihò kan lókè ẹnu ọ̀nà wọlé títí dé ìyẹ̀wù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael J. O'Kelly, tí ó darí ìwalẹ̀ ibẹ̀ láti 1962 sí 1975, fi ojú ara rẹ̀ rí i ní 1967. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún láti wà níbẹ̀ ní àárọ̀ náà, ìbò ni a sì fi ń yan àwọn díẹ̀ tí yóò wọlé. Fún gbogbo àwọn tó kù, afinimọ̀nà a pa iná, a tan àtùpà kan tí ó ń ṣe bí oòrùn náà ti ń ṣe, a sì sọ fún wọn pé àtùpà ni.

Ẹ ronú sí àtùpà yẹn, ẹ̀yin ọmọ wa. Àlejò rí àpẹẹrẹ, ó mọ̀ pé àpẹẹrẹ ni, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Bí a bá fẹ́ fi ijó Ṣàngó han àlejò, ẹ jẹ́ kí a jó o, kí a sì sọ pé ijó ni. Ẹni tí ó bá ń ṣe bí ẹni tí òrìṣà gùn nítorí owó àlejò ti parọ́ méjì: ó parọ́ fún àlejò, ó sì parọ́ mọ́ òrìṣà.

Odò tí ó ń ṣàn níbẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ láti bá wa sọ. Boyne ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ Bóinn, òrìṣà obìnrin àwọn ará Ireland àtijọ́. Ìtàn wọn sọ pé kànga kan wà tí ó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, Nechtan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kànga náà àfi Nechtan àti àwọn agbọ́tí rẹ̀ mẹ́ta. Bóinn lọ síbẹ̀, ó yí i po, omi ru jáde, ó ṣá a lọ́gbẹ́, ó sì lé e títí dé òkun. Ipa ọ̀nà tí ó gbà ni ó di odò. Kò lè ya àwa tí a mọ Ọ̀ṣun, Ọya àti Ọbà lẹ́nu pé obìnrin di odò. Àwọn agbọ́tí mẹ́ta yẹn ni kí afinimọ̀nà wò. Wọ́n ń bu omi náà, wọ́n ń gbé e fún ẹni tí ó yẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹnu kànga di ọjà. Èèwọ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Bí a bá fi sùúrù ṣàlàyé tiwa fún ọmọ Ireland, yóò yé e.

Òṣogbo àti ìlera omi

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì gbà á sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950 tí ó sì kú ní 2009 ní ẹni ọdún 93, bá wọn jà fún igbó náà, òun pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí. Gbogbo èyí ni afinimọ̀nà lè sọ. Ó lè sọ bí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti dé etí odò, bí igi tí wọ́n gé ti wó sínú omi tí ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ó lè ṣàlàyé ta ni arugbá àti ìdí tí gbogbo ìlú fi ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ojúde ni wọ́n, wọ́n sì pọ̀ tó láti fi kún odindi ọjọ́ kan. Ohun tí àwọn Ìyá Ọ̀ṣun ń ṣe nínú ilé, àwọn ni wọ́n ni ín.

Níbẹ̀ ni a ó ti mọ afinimọ̀nà tòótọ́, nítorí odò náà ń ṣàìsàn. Ìwakùsà wúrà lápá òkè odò ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n, ní ọdún 2022 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu ún. Àlejò tí ó fò láti Dublin wá yóò fẹ́ bu omi Ọ̀ṣun mu. Ó ti gbọ́ pé ó ń fúnni lọ́mọ. Kí ni ẹ ó sọ fún un? Ẹni tí ó bá sọ pé kí ó mu ún, pé ìgbàgbọ́ yóò ṣe é, ń fi ara ẹlòmíràn ṣe ìdánwò. Ọ̀ṣun, abiyamọ, kò bẹ̀ wá pé kí a pa àlejò òun lára. Ẹ sọ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kúnlẹ̀ létí odò, kí ó gbàdúrà, kí ó sì mọ̀ pé ìyá tí òun wá kí nílò ìtọ́jú. Àlejò tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí yóò bá wa gbèjà odò nígbà tí ó bá padà sílé. Èyí tí a parọ́ fún yóò di aláìsàn tí ń bú wa.

Àwọn ohun tí a ń dá lábàá

Èyí tí ó burú jù lọ ni ti ìtẹfá tí wọ́n ń so mọ́ owó ìrìn-àjò. A ti rí ìpolówó tí ó to ohun gbogbo sójú kan: ilé ìtura, oúnjẹ, ọkọ̀, ojúbọ mẹ́ta, ìtẹfá lọ́jọ́ keje. Ta ni ó bi Ifá? Àwọn ènìyàn wà tí Ifá kò ní kí wọ́n tẹfá, àwọn mìíràn sì wà tí ẹbọ kékeré yóò tó fún wọn. Afinimọ̀nà tí yóò gba owó lórí orí ẹni tí a tẹ̀ kò lè sọ fún àlejò rẹ̀ mọ́ pé, "Má tíì ṣe é." Ọjọ́ tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ti kúrò ní afinimọ̀nà, ó ti di alágbàtà.

Nítorí náà, àbá wa fún ẹgbẹ́ wa rèé. Kí ọmọ òrìṣà tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ó sì ní àgbà kan tí yóò máa gbọ́ ohun tí ó ń sọ fún àlejò kí ó tó máa sọ ọ́ níta. Kí ó gba owó tí ó tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ láìtijú. Kí ó má gba kọ́bọ̀ kan lórí ẹbọ, ìtẹfá tàbí ìdósùú ẹnikẹ́ni tí ó mú wá. Kí ó béèrè lọ́wọ́ onílé kí kámẹ́rà tó jáde, kí apá kan owó tí ó bá rí sì dé ọwọ́ àwọn tí ń gbálẹ̀ ojúbọ tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá sì bi í ní ohun tí kò mọ̀, tàbí ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ, kí ó sọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì. Kí ó má hùmọ̀ ìtàn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí a gba àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ra kí ìgbà àlejò tó wọlé. Bí a bá lé wọn, wọn yóò ṣe é lẹ́yìn wa, láìsí ẹni tí yóò sọ ibi tí ìlà wà fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ó mọ ilé ni kì í jẹ́ kí àlejò ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa, ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ má sì ta kọ́kọ́rọ́ ìyẹ̀wù.

Ọ̀ṣun á gbè wá. Èṣù á ṣínà rere fún ẹsẹ̀ yín àti ẹsẹ̀ àwọn tí ń tẹ̀ lé yín. Àṣẹ.